Ìṣirò Ọlọ́rọ̀ Àti Ọmọ Tí A Pè Ní Olódo

Ẹ̀yin òbí àti alágbàtọ́, ọ̀rọ̀ tí a mú wá sí ojú ìwé ẹbí lọ́sẹ̀ yìí kan ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé ní Ìsàlẹ̀ Èkó àti ní gbogbo Erékùṣù Èkó. Ọmọ kan wà tí ó mọ ìsọdipúpọ̀ lórí. Bí a bá bi í ní 12 lọ́nà 15, yóò dáhùn kí a tó pa ẹnu dé. Ṣùgbọ́n bí ìwé bá sọ fún un pé ilẹ̀ kan wà, pé òòró rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po méjì ìbú rẹ̀, pé okùn tí ó yí i ká gùn tó báyìí, tí ìwé sì bi í pé báwo ni ilẹ̀ náà ti fẹ̀ tó, ọmọ yìí kan náà yóò dákẹ́, yóò máa wo òkè, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi nọ́ḿbà kan sọ òmíràn di púpọ̀ láìmọ ìdí tí òun fi ń ṣe é. Bàbá yóò bínú, ìyá yóò kẹ́dùn, ẹnìkan nínú ilé yóò sì sọ ọ̀rọ̀ tí kò yẹ kí a sọ sí ọmọ: olódo.

Ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ọmọ tí a bá pè bẹ́ẹ̀ nígbà púpọ̀ yóò gbà á gbọ́, bí ó bá sì ti gbà á gbọ́, yóò pa ìwé dé kí ó tó ka ìbéèrè tán. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹ̀kọ́ wà ní yunifásítì tí kò sí àyè fún ẹni tí kò yege dáadáa nínú ìṣirò ní ìdánwò WAEC, ìgbìmọ̀ tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1952. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ wádìí ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nínú ọpọlọ ọmọ nígbà tí ó bá jókòó ti irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Àwọn ọ̀mọ̀wé ti yẹ ọ̀ràn náà wò fún ọ̀pọ̀ ọdún, ohun tí wọ́n sì rí yóò tu òbí nínú: ní ọ̀pọ̀ ìgbà, ìṣirò kọ́ ni ó borí ọmọ, bí kò ṣe sísọ ọ̀rọ̀ tí ó kà di àwòrán nínú ọkàn rẹ̀. Iṣẹ́ yìí sì ni òbí lè ràn án lọ́wọ́ láti ṣe nínú ilé, bí òbí náà kò tilẹ̀ ka ìwé púpọ̀.

Ẹ̀kọ́ ìlà, ìgun àti ìwọ̀n, tí àwọn olùkọ́ ń pè ní jíómẹ́tírì, kì í ṣe àlejò ní Èkó. Nígbà tí Àlùfáà Thomas Babington Macaulay ṣí CMS Grammar School ní oṣù kẹfà ọdún 1859, tí ọmọ mẹ́fà péré bẹ̀rẹ̀ ní ilé kékeré kan ní Broad Street, jíómẹ́tírì wà lára ohun tí a fi kọ́ wọn, pẹ̀lú Bíbélì, èdè Gẹ̀ẹ́sì àti Látìn. Ọmọ rẹ̀, Herbert Macaulay, tí a bí ní 1864, lọ kọ́ṣẹ́ ní Plymouth ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì padà sí Èkó ní 1893 láti ṣe iṣẹ́ sọ̀fíyọ̀, èyíinì ni iṣẹ́ ilẹ̀ wíwọ̀n. Ìtàn sì sọ bí ó ti bá Olóyè Olúwa, Àmọ́dù Tìjání, lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1920 nítorí ọ̀ràn ilẹ̀ Àpápá, tí ìgbìmọ̀ ìdájọ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì sì dá olóyè náà láre ní 1921. Ní ìlú tí ilẹ̀ ti ṣọ̀wọ́n, tí a sì ń du gbogbo ẹsẹ̀ bàtà rẹ̀, ẹni tí ó mọ àyíká ilẹ̀ yàtọ̀ sí ojú ilẹ̀ ni a kì í tètè rẹ́ jẹ. Kì í ṣe nítorí ìdánwò nìkan, nígbà náà, ni ẹ̀kọ́ yìí ṣe ṣe pàtàkì.

Kí ni ọmọ ní láti ṣe nígbà tí ó bá pàdé ìṣirò ọlọ́rọ̀? George Pólya, ọmọ ilẹ̀ Húńgárì tí ó kọ́ni ní Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà, tẹ ìwé kan jáde ní 1945, nínú èyí tí ó pín iṣẹ́ náà sí mẹ́rin: kí a kọ́kọ́ lóye ìbéèrè, kí a wá ọ̀nà, kí a tọ ọ̀nà náà, kí a sì bojú wẹ̀yìn yẹ ìdáhùn wò. Richard Mayer, ọ̀mọ̀wé nípa ìṣesí ọkàn ènìyàn, tún la èyí àkọ́kọ́ sí méjì: ọmọ ní láti túmọ̀ gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn náà ó ní láti so gbogbo gbólóhùn náà pọ̀ kí wọ́n lè di ohun kan ṣoṣo lọ́kàn rẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé àròpọ̀ àti ìsọdipúpọ̀, tí a ti ń fi pàṣán kọ́ ọmọ láti ìgbà pípẹ́, kò tíì dé rárá títí iṣẹ́ yóò fi kọjá ìdajì.

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ hàn. Ìwé sọ pé: ilẹ̀ onígun mẹ́rin kan wà, òòró rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po méjì ìbú rẹ̀, okùn tí a fi yí i ká gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 360, báwo ni ojú ilẹ̀ náà ti tó? Ọmọ tí ó ń sáré yóò rí 360, yóò rí “ìlọ́po méjì”, yóò pín 360 sí méjì, yóò sì kọ 180 sílẹ̀. Ó mọ pípín. Ilẹ̀ ni kò rí. Ṣùgbọ́n bí ó bá fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà mẹ́rin sílẹ̀, kí ó kọ “ìpín kan” sí ẹ̀gbẹ́ kúkúrú, kí ó sì kọ “ìpín méjì” sí ẹ̀gbẹ́ gígùn, yóò lè fi ìka rìn yí i ká: ọ̀kan, méjì, ọ̀kan, méjì, gbogbo rẹ̀ jẹ́ ìpín mẹ́fà. Bí a bá pín 360 sí mẹ́fà, 60 ni. Ìbú jẹ́ 60, òòró jẹ́ 120, ojú ilẹ̀ sì jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà onígun mẹ́rin 7,200. Àwọn tí ó ti ra ilẹ̀ ní agbègbè Èkó yóò rẹ́rìn-ín músẹ́, nítorí ìbú 60 àti òòró 120 ni púlọ́ọ̀tì kan tí gbogbo ènìyàn mọ̀. Ọmọ náà ti lè máa gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn àgbà láti kékeré, ṣùgbọ́n bí ìwé ti sọ ọ́ kò jẹ́ kí ó mọ̀ pé ohun kan náà ni.

Ìdẹkùn kejì wà nínú àwọn ọ̀rọ̀ bí “jù” àti “dín”. Ẹ gbọ́ ìbéèrè yìí: ìbú yàrá kan jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 16, ìbú yìí fi ẹsẹ̀ bàtà 4 dín sí òòró, kí ni òòró yàrá náà? Ọ̀pọ̀ yóò gbọ́ “dín”, wọn yóò yọ 4 kúrò nínú 16, wọn yóò sì dáhùn pé 12. Bẹ́ẹ̀ ìbéèrè ti sọ pé ìbú ni ó dín. Báwo ni òòró yóò ṣe wá kúrú jù ú lọ? Ní 1987, Anne Lewis àti Richard Mayer fi hàn pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì pàápàá ń ṣubú sínú irú àṣìṣe yìí, nígbà tí ọ̀rọ̀ inú ìbéèrè bá ń fa ènìyàn sí apá kan tí ìtumọ̀ rẹ̀ sì wà ní apá kejì. Ní 1995, Mayer, pẹ̀lú Mary Hegarty àti Christopher Monk, ṣọ́ ojú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bí wọ́n ti ń ka irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Ojú àwọn tí ó sábà ń kùnà ń padà sórí nọ́ḿbà àti sórí “jù” àti “dín”. Ojú àwọn tí ó ń yege a máa padà sórí orúkọ ohun tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀: ìbú ni àbí òòró?

Nínú ọ̀ràn yìí, Ọlọ́run ti fi ẹ̀bùn kan sí ẹnu àwa Yorùbá. Kí ni à ń pe 16 ní èdè wa? Ẹ̀rìndínlógún: ẹẹ́rin dín nínú ogún. Ìdáhùn ìbéèrè yàrá náà wà nínú orúkọ nọ́ḿbà tí ìwé fi bẹ̀rẹ̀! Márùndínláàádọ́ta ni 45, èyíinì ni pé ó ku márùn-ún kí ó tó 50. 50 fúnra rẹ̀, àádọ́ta, jẹ́ ogún mẹ́ta tí a mú mẹ́wàá kúrò nínú rẹ̀. Ọmọ tí a bá kọ́ ní irú òǹkà yìí, tí a sì là á yé, yóò ti mọ̀ láti kékeré pé ohun tí ó kéré lè gba orúkọ lára ohun tí ó tóbi jù ú lọ, àti pé gbígbọ́ “dín” kì í ṣe àṣẹ pé kí a yọ nǹkan kúrò. A kò sọ pé kíka nọ́ḿbà ní Yorùbá nìkan ni yóò sọ ọmọ di ọ̀gá nínú ìṣirò. Ohun tí a ń sọ ni pé ilẹ̀kùn kan wà níbẹ̀, kò sì yẹ kí ọmọ wa máa gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá láìṣí i.

Ohun kẹta ni àyè inú ọpọlọ. Ní 1956, George Miller kọ̀wé pé iye ohun tí ènìyàn lè dì mú lọ́kàn lẹ́ẹ̀kan náà tó bíi méje, ó lè fi méjì lé, ó sì lè fi méjì dín. Ní 1974, Alan Baddeley àti Graham Hitch ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣàlàyé síwájú sí i pé àyè yìí kì í ṣe ibi ìpamọ́ lásán. Ibẹ̀ gan-an ni a ti ń ṣiṣẹ́. Ó dà bí tábìlì kékeré nínú ilé ìdáná: orí rẹ̀ ni a ń gbé àwo sí, orí rẹ̀ náà ni a ti ń gé ẹ̀fọ́. Bí àwo bá kún un, ibi gígé ẹ̀fọ́ kò sí mọ́. Ọmọ tí ó ń fi agbára ka èdè Gẹ̀ẹ́sì tí kò yé e ti fi àwo kún tábìlì rẹ̀. Kí ó tó rántí ohun tí ọ̀rọ̀ tí ó dúró fún àyíká túmọ̀ sí, ìbẹ̀rẹ̀ ìbéèrè ti jábọ́ sílẹ̀. Ẹ̀rù sì tún ń gba àyè níbẹ̀: ní 2001, Mark Ashcraft àti Elizabeth Kirk fi hàn pé nígbà tí iṣẹ́ ìṣirò bá dé, àwọn tí ìṣirò ń bà lẹ́rù kì í ní àyè púpọ̀ lórí tábìlì yìí. Òbí tí ó ń jágbe mọ́ ọmọ nítorí ìṣirò, nígbà náà, ń gba tábìlì lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì tún ń bi í pé kí ló dé tí kò gé ẹ̀fọ́.

Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ti mọ̀ pé àwòrán yíyà ń gba ọmọ lọ́wọ́ ìdààmú yìí, nítorí ohun tí a bá yà sílẹ̀ kò sí lórí tábìlì mọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo àwòrán ni ó ń ṣèrànwọ́. Ní 1999, Mary Hegarty àti Maria Kozhevnikov rí i pé àwọn ọmọ tí ń yàwòrán bí nǹkan ṣe tò àti bí ó ṣe jìnnà síra ń ṣe dáadáa, àwọn tí ń ya ẹwà ohun náà fúnra rẹ̀ kò sì rí bẹ́ẹ̀. Ẹ wo ìbéèrè yìí: a ri òpó iná sí etí ọ̀nà kan tí ó gùn ní mítà 60, òpó kan ní gbogbo mítà mẹ́wàá-mẹ́wàá, ọ̀kan sì wà ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ní òpin ọ̀nà, òpó mélòó ni? Ẹni tí ó ya fìtílà àti wáyà rẹ̀ lè dáhùn pé mẹ́fà. Ẹni tí ó fa ìlà kan, tí ó sì fi igi kéékèèké dá a, yóò kà á, yóò rí méje.

Ilé onígbàgbọ́ kò ṣàìní irú ìbéèrè yìí. Nínú Jẹ́nẹ́sísì orí kẹfà, ọkọ̀ Nóà gùn ní ìgbọ̀nwọ́ 300, ìbú rẹ̀ jẹ́ 50, gíga rẹ̀ jẹ́ 30, ó sì ní àjà mẹ́ta. Ẹ bi ọmọ yín lẹ́yìn àdúrà alẹ́: bí a bá ka àjà kọ̀ọ̀kan sí odindi òòró àti ìbú ọkọ̀, báwo ni ilẹ̀ tí àwọn ẹranko lè dúró lé ti pọ̀ tó? Ọmọ kan yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ya erin àti àdàbà, yóò sì gbàgbé ohun tí a bi í. Òmíràn yóò ya àpótí kan tí a pín sí ọ̀nà mẹ́ta, yóò fi 300 sọ 50 di púpọ̀ kí ó lè rí 15,000, yóò sì sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́ta, 45,000 ìgbọ̀nwọ́ onígun mẹ́rin. Ẹ tún bi í pé kí ni ó fi 30 ṣe. Bí ó bá dáhùn pé, “Kò wúlò níbí, gíga ni,” ẹ yìn ín gidigidi, nítorí kì í ṣe gbogbo nọ́ḿbà tí ìwé kọ ni ó fẹ́ kí a lò.

Ẹ̀wẹ̀, ọjọ́ orí àti ìpele òye wà nínú rẹ̀. Pierre van Hiele àti aya rẹ̀ Dina, tí wọ́n jẹ́ olùkọ́ ní ilẹ̀ Nẹ́dálándì, ṣàlàyé ní 1957 pé ọmọ a kọ́kọ́ mọ ohun onígun mẹ́rin ní ojú, bí ó ti mọ ojú ìyá rẹ̀. Bí a bá fi áńkáṣíìfù hàn án, yóò mọ̀ ọ́n; bí a bá yí i kí igun rẹ̀ kan dorí kodò, yóò ní ó ti di nǹkan mìíràn. Lẹ́yìn èyí ni ó ń mọ̀ ọ́n nípa ìwà rẹ̀, pé ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dọ́gba, pé igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì dọ́gba. Nígbà tí ó bá yá ni ó tó lè fi ìwà kan ṣàlàyé òmíràn. Olùkọ́ tí ó dúró lókè àtẹ̀gùn, tí ó ń bá ọmọ ìsàlẹ̀ sọ̀rọ̀, kò ní gbọ́ èsì. Kí ọmọ fọwọ́ kan nǹkan, kí ó yí i, kí ó ṣẹ́ ẹ po, kì í ṣe eré lásán.

Ìmọ̀ sì lè wà lọ́wọ́ kí ó má tíì dé orí ìwé. Ní 1985, ní ìlú Recife ní Bràsíìlì, Terezinha Carraher àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wo ọmọ márùn-ún tí ń tajà lójú pópó. Ní ìdí ọjà, àwọn ọmọ yìí gba ìṣirò ní bí 98 nínú ọgọ́rùn-ún. Nígbà tí a kọ nọ́ḿbà lásán fún wọn lórí ìwé, wọ́n gba bí 37 nínú ọgọ́rùn-ún. Bràsíìlì kì í ṣe ilẹ̀ àjèjì sí Èkó. Àwọn baba Pópó Àgùdà ti ibẹ̀ padà wá pẹ̀lú iṣẹ́ bíríkìlà àti káfíńtà, ọ̀kan nínú wọn, João Baptista da Costa, ni ó sì kọ́ mọ́sáláásí Shitta-Bey tí a ṣí ní 1894. Títí di òní, bíríkìlà tí ó fẹ́ mọ̀ bóyá igun ilé òun tọ́ a máa wọn ẹsẹ̀ bàtà 3 ní apá kan, 4 ní apá kejì. Bí ó bá jẹ́ 5 ni ó dábùú wọn, igun náà tọ́. Ìṣirò àkàbà tí a fẹ̀yìn rẹ̀ ti ògiri, tí ń dẹ́rù ba ọmọ nínú ìwé, kò yàtọ̀ sí èyí. Ọmọ bíríkìlà lè ti di orí okùn náà mú fún bàbá rẹ̀. Ẹni tí yóò sọ fún un pé ohun kan náà ni ó kù.

Èyí mú wa dé orí ọ̀ràn èdè, ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó kan sì ni ẹlẹ́rìí wa. A bí Babatunde Aliu Fafunwa ní 1923, ó sì kàwé ní CMS Grammar School. Nígbà tí ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Ifẹ̀, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan ní ọdún 1970 ní ilé ẹ̀kọ́ St. Stephen's “A” ní Modákẹ́kẹ́. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo ẹ̀kọ́, ìṣirò pẹ̀lú, fún odindi ọdún mẹ́fà, wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ẹgbẹ́ wọn yí padà sí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún mẹ́ta gẹ́gẹ́ bí àṣà. Nígbà tí a wọ̀n wọ́n wò, àwọn tí a fi Yorùbá kọ́ ṣe dáadáa ju àwọn yòókù lọ, wọn kò sì kẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Fafunwa tẹ ìròyìn iṣẹ́ náà jáde ní ìwé ní 1989. Ó sì jẹ́ Mínísítà Ètò Ẹ̀kọ́ kí ó tó fi ayé sílẹ̀ ní 2010.

Ẹnìkan lè wí pé, “Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni WAEC fi ń béèrè, kí ni Yorùbá yóò ṣe fún ọmọ mi?” Ìbéèrè náà tọ́, a kò sì ní fojú fò ó. Ọmọ gbọ́dọ̀ mọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún àyíká, fún ojú ilẹ̀, fún igun tí ó tọ́, kí ó sì mọ̀ wọ́n dunjú. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá mọ ohun tí àyíká jẹ́ ní èdè kankan, orúkọ rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì kò lè fi í hàn án. Kí òye kọ́kọ́ dúró. Kí a wá fi ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì wọ̀ ọ́ láṣọ.

Ẹ má sì ṣe yọ ọmọbìnrin sílẹ̀. Grace Alele-Williams, tí ó kàwé ní Queen's College ní Èkó, gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ẹ̀kọ́ ìṣirò ní Yunifásítì Chicago ní 1963, òun ni obìnrin Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó gba irú oyè bẹ́ẹ̀. Ó sì di olórí Yunifásítì Benin ní 1985. Ilé tí ó bá ń sọ pé ìṣirò kì í ṣe ti obìnrin, irọ́ ni ó ń kọ́ ọmọ rẹ̀.

Ìmọ̀ràn wa fún àwọn ilé nìyí. Lákọ̀ọ́kọ́, kí ọmọ ka ìbéèrè, kí ó fi ọwọ́ bo àwọn nọ́ḿbà, kí ó sì fi Yorùbá sọ ọ́ fún yín bí ẹni ń pìtàn: kí ni ó wà níbẹ̀, èwo ni ó ju èwo lọ, kí ni a ń wá? Lẹ́ẹ̀kejì, kí ó fa ìlà rẹ̀ sílẹ̀, kí ó kọ ohun tí ó mọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ìlà kọ̀ọ̀kan, kí ó sì fi àmì sí èyí tí kò mọ̀. Lẹ́ẹ̀kẹta, kí ó fojú díwọ̀n ìdáhùn kí ó tó ṣírò. Lẹ́ẹ̀kẹrin, kí ó ṣírò. Lẹ́ẹ̀karùn-ún, kí ó padà ka ìbéèrè náà ní Gẹ̀ẹ́sì, kí ó wò ó bóyá ìdáhùn òun bá gbogbo gbólóhùn mu. Ìyá tí kò ka ìwé rárá lè ṣe èyí àkọ́kọ́ pẹ̀lú ọmọ rẹ̀, nítorí etí àti sùúrù nìkan ni ó gbà. Bí ìtàn náà kò bá yé ìyá, kí ọmọ tún un sọ. Lẹ́nu àtúnsọ náà ni òun fúnra rẹ̀ yóò ti mọ ibi tí kò tíì yé òun.

Olúwa wa, nínú Lúùkù orí kẹrìnlá, sọ̀rọ̀ ọkùnrin tí ó fẹ́ kọ́ ilé ìṣọ́, pé ó yẹ kí ó kọ́kọ́ jókòó kí ó ṣírò ohun tí yóò ná an. Ẹ kíyè sí i pé ìjókòó ṣáájú ìṣirò, ìṣirò sì ṣáájú òkúta. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ wa ní àyè láti jókòó, kí wọ́n rí ilé náà lọ́kàn kí wọ́n tó kà á. Kí a sì pa ọ̀rọ̀ nì, olódo, tì pátápátá nínú ilé wa, nítorí ọmọ tí kò tíì rí ilẹ̀ tí ìwé ń sọ, ẹni tí yóò fi hàn án ni ó ń wá. Kí Ọlọ́run fún wa ní sùúrù láti fi hàn wọ́n, kí ó sì fún wọn ní òye láti rí i. Àmín.